Níbo Ni Ẹ̀yà Kan Parí sí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò gùn rárá: nígbà tí a bá sọ pé ẹranko yìí jẹ́ ẹ̀yà kan, tí ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, kí là ń sọ gan-an? Ìdáhùn rẹ̀ ló gùn. Ara ẹ̀fọn la máa gbà wọ inú rẹ̀, torí níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, àṣìṣe lórí ẹ̀yà máa ń mú ẹ̀mí lọ.

Lọ́dún 1902 ni wọ́n sọ ẹ̀fọn kan tó ń gbé ibà kiri ilẹ̀ Áfíríkà ní Anopheles gambiae. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ìwà rẹ̀ kò bára mu. Níbì kan, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló ń mu, inú ilé ló ń sinmi sí lẹ́yìn tó bá yó, tí wọ́n bá sì fín oògùn sára ògiri, á kú. Níbòmíràn, ẹ̀fọn tó jọ ọ́ bí ìbejì ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, ìta ló ń sinmi sí, oògùn ara ògiri kò sì kàn án. Àwọn kan ń yé sínú omi òjò tó dúró sójú ọ̀nà, àwọn mìíràn ń yé sínú omi oníyọ̀ létí òkun. Ẹ gbé wọn sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ṣòro kí ẹ tó rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé.

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ kó ẹ̀fọn láti oríṣiríṣi ibi, wọ́n sì mú akọ ibì kan gun abo ibòmíràn nínú láàbù. Àwọn abo tí wọ́n bí yè, wọ́n sì ń yé ẹyin tó ń pa. Àwọn akọ náà yè, ara wọn le, ṣùgbọ́n kò sí àtọ̀ gidi nínú wọn. (Onímọ̀ ẹ̀dá kan, J.B.S. Haldane, ti kíyè sí irú rẹ̀ lọ́dún 1922: bí ẹ̀yà méjì bá bí àmúlùmálà, tó sì jẹ́ pé akọ nìkan tàbí abo nìkan ló bàjẹ́, èyí tí krómósómù ìbálòpọ̀ rẹ̀ méjèèjì (krómósómù ni okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá) kò jọra ló sábà máa ń bàjẹ́. Lára ẹ̀fọn, akọ ni. Lára ẹyẹ àti labalábá, abo ni.) Báyìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀kan ṣe di púpọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè wọ́n, kí orúkọ tó dé: A ló ń jẹ́ gambiae báyìí, B ń jẹ́ arabiensis, C ń jẹ́ quadriannulatus. Èyí tó kẹ́yìn yìí, màlúù ló fẹ́ràn, kò sí lára àwọn tó ń gbé ibà fún èèyàn. Ìjọba tó bá ń náwó lé e lórí nítorí ibà, ẹ̀fọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ló ń pa.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn: ẹni tí ẹ kò bá lè jọ bí ọmọ tó lè bí ọmọ, kì í ṣe ẹ̀yà rẹ. Ṣùgbọ́n nínú gambiae tó ṣẹ́ kù yìí náà, wọ́n tún rí ọ̀wọ́ méjì, tí wọ́n pè ní M àti S. Ẹ kó wọn pọ̀ sínú àgò kan nínú láàbù, wọ́n á gun ara wọn, ọmọ wọn lákọ lábo á sì bímọ. Nínú ìgbẹ́ ńkọ́? Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akọ bá kóra jọ sójú òfuurufú láti dúró de abo, M àti S kì í sábà dàpọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ wà ní abúlé kan náà. Àmúlùmálà wọn ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi. S fẹ́ràn omi òjò tó ń yára gbẹ. M ń gbé inú omi tó pẹ́ nílẹ̀, bíi ti oko ìrẹsì. Àmọ́ ní Guinea-Bissau, odi àárín wọn ti wó gan-an, àmúlùmálà pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2013, M di ẹ̀yà tirẹ̀, Anopheles coluzzii, agbo náà sì pé mẹ́jọ. Lọ́dún 2019, wọ́n fi ẹ̀kẹsàn-án kún un láti inú igbó Gabon.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yà wọ́n níbi iṣẹ́ ojoojúmọ́? Láti 1993 ni ọ̀nà PCR kan ti wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀fọn kan ṣoṣo tó. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi PCR sọ ibì kan nínú DNA rẹ̀, ìyẹn ìlà lẹ́tà tó gbé àbùdá, di púpọ̀, wọ́n á sì fi iná mànàmáná lé e gba inú jẹ́ẹ̀lì kọjá kí wọ́n lè mọ gígùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà DNA 390, gambiae tàbí coluzzii ni. 315 jẹ́ arabiensis. 153 jẹ́ quadriannulatus. 464 jẹ́ melas, 466 jẹ́ merus, àwọn méjì tó ń yé sínú omi oníyọ̀. Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé ojú kò lè ya 464 sí 466 lórí jẹ́ẹ̀lì. Ohun tó yọ wọ́n ni pé etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni melas ń gbé, merus wà ní ti ìlà oòrùn, nítorí náà ibi tí wọ́n ti mú ẹ̀fọn náà ló ń dá ẹjọ́. Wàhálà kejì: àyẹ̀wò yìí kò lè ya gambiae sí coluzzii. Òmíràn ni wọ́n máa ṣe, níbi tí wọ́n á ti fi énsáímù gé DNA náà, kí wọ́n tún wọn ègé tó jáde. Wàhálà kẹta ló ń ba ìwé ìṣirò jẹ́: bí ẹ̀fọn bá ti jẹrà nítorí pé wọn kò tètè gbẹ ẹ́, kò ní sí ìlà kankan lórí jẹ́ẹ̀lì, aláìfarabalẹ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yà mìíràn ni. “A kò rí nǹkan” àti “a rí ẹ̀yà mìíràn” kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀fọn kan ṣoṣo yìí kó jọ. Ìrísí sọ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọmọ bíbí nínú láàbù sọ pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ó ka M àti S mọ́ ara wọn. Ìgbé ayé inú ìgbẹ́ yà wọ́n ní Mali, kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n ní Guinea-Bissau. Gbogbo ẹlẹ́rìí yìí ló ń sọ òtítọ́, ohun tí kálukú rí ni kò dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ìjà lórí ìtumọ̀ ẹ̀yà kò fi tán láti ọjọ́ yìí wá. Charles Darwin pàápàá kọ ọ́ lọ́dún 1859 pé kò sí ìtumọ̀ kan tó tẹ́ gbogbo onímọ̀ ẹ̀dá lọ́rùn, síbẹ̀ kálukú wọn mọ ohun tó ní lọ́kàn lọ́nà kan ṣá. Nígbà tí ẹnì kan jókòó ka àwọn ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé lọ́dún 1997, wọ́n ti lé ní 20.

Ojú ni àwọn àkọ́kọ́ fi ń ṣe é. John Ray, ará England, ti sọ lọ́dún 1686 pé ewéko tó bá hù láti inú irúgbìn kan náà, ẹ̀yà kan ni, bí wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ síra. Carl Linnaeus ará Sweden ló wá fìdí orúkọ oníbejì múlẹ̀: ti àkọ́kọ́ fún ìdílé, ìkejì fún ẹ̀yà. Ìwé rẹ̀ ti 1753 ni orúkọ ewéko ti bẹ̀rẹ̀ títí dòní, ti 1758 sì ni ti ẹranko. Ó mojú gan-an, àmọ́ ojú náà tàn án. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ kan wà tí orí akọ rẹ̀ máa ń dán ní àwọ̀ ewé, tí abo rẹ̀ sì ní àwọ̀ ilẹ̀. Linnaeus fún wọn ní orúkọ ẹ̀yà méjì. Tọkọtaya ló sọ di àjèjì síra! Anas platyrhynchos ni orúkọ tó kù fún àwọn méjèèjì.

Ìrísí a tún máa ṣìnà sódì kejì. Ní Yúróòpù, àdán kékeré kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ẹ̀yà kan, títí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn kan ń ké ní nǹkan bíi kilohertz 45, àwọn tó kù ní 55. DNA wọn sì jìnnà síra gan-an. Pipistrellus pipistrellus àti Pipistrellus pygmaeus ni wọ́n lónìí. Àdán kì í fi ojú mọ ara rẹ̀ lóru, kí ló dé tí a rò pé ojú tiwa máa tó?

Ìtumọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni ti onímọ̀ ẹ̀dá Ernst Mayr, ọdún 1942: ẹ̀yà ni àwọn ọ̀wọ́ ẹ̀dá tó ń bá ara wọn bímọ nínú ìgbẹ́, tàbí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìdènà sì wà láàárín àwọn àti ọ̀wọ́ mìíràn. Ìdènà náà lè wà kí wọ́n tó gun ara wọn: àkókò tí wọ́n ń gun ara wọn yàtọ̀, orin yàtọ̀, ibùgbé yàtọ̀. Ó sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ìbaaka. Ẹṣin ní krómósómù 64, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62, ìbaaka ní 63. Nígbà tí ara bá fẹ́ ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, krómósómù gbọ́dọ̀ wá ẹnìkejì rẹ̀. Lára ìbaaka, ọ̀kan á ṣẹ́ kù, àwọn tó kù pàápàá kò bára mu dáadáa. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìbaaka tó bímọ rí.

Ìtumọ̀ Mayr lágbára, torí ó sọ ìdí tí ẹ̀yà kò fi ń yọ́ mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó níbi iṣẹ́. Ọ̀wọ́ ọ̀pọ̀lọ́ méjì wà ní erékùṣù méjì, omi wà láàárín wọn, wọn kò pàdé rí. Ṣé wọ́n “lè” bá ara wọn bímọ? Ẹ̀yin tó kó wọn wá láàbù á rí ìdáhùn láàbù, ẹ̀fọn M àti S sì ti kọ́ wa bí ìdáhùn yẹn ti tó. Ẹ̀dá tó ti di òkúta ńkọ́? Egungun kì í gun egungun.

Ó tún kù. Ní Kalifọ́níà, ẹ̀dá olómi kan tó dà bí aláǹgbá, Ensatina, ń gbé lórí òkè yí Àfonífojì Àárín po. Láti àríwá, wọ́n tàn sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bímọ. Nígbà tí ẹ̀ka méjèèjì tún pàdé ní gúúsù, wọ́n ti di àjèjì, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀yà kan ni, ìpàdé gúúsù á já yín ní koro. Bí ẹ bá ní méjì ni, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ fa ìlà sí lójú ọ̀nà àríwá.

Ewéko ló ń ba ìtumọ̀ Mayr jẹ́ jù. Létí òkun England, koríko ilẹ̀ náà, Spartina maritima, tó ní krómósómù 60, pàdé Spartina alterniflora tó ti Àríwá Amẹ́ríkà wọlé pẹ̀lú 62. Àmúlùmálà wọn yè, kò sì so èso, gẹ́gẹ́ bíi ti ìbaaka. Lẹ́yìn náà ni krómósómù àmúlùmálà náà di ìlọ́po méjì. Krómósómù kọ̀ọ̀kan rí ẹnìkejì, ewéko náà ń so, kò sì lè bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ so èso gidi mọ́. Spartina anglica ni wọ́n sọ ọ́, ó ní nǹkan bíi 120 sí 124. Ẹ̀yà tuntun jáde láàárín ìwọ̀nba ọdún, kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì gba irú ọ̀nà yìí: 42 ni tirẹ̀, koríko mẹ́ta ló kó jọ, 14 láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí akọ kì í gun abo láàárín wọn rárá wá ńkọ́? Àwọn ẹ̀dá inú omi tíntín kan wà, rotífà ẹgbẹ́ bdelloid. Kò sẹ́ni tó tíì rí akọ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n lé ní ẹ̀yà 400 nínú ìwé. Ti bakitéríà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n a máa gba jíìnì, ìyẹn ègé DNA tó ń darí àbùdá, lọ́wọ́ àjèjì bí ẹni gba owó àjọ. Àwọn onímọ̀ bakitéríà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, iye ni wọ́n gbé kalẹ̀. Lọ́dún 1987, wọ́n ní bí DNA méjì bá so mọ́ ara wọn tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yà kan ni. Lónìí, wọ́n ń ka gbogbo DNA méjèèjì, wọ́n sì ń wo ìjọra rẹ̀. Ìlà wà ní nǹkan bí ìdá 95 sí 96. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi oríṣi Escherichia coli mẹ́ta wéra lọ́dún 2002, nǹkan bí ìdá 39 péré nínú gbogbo purotéènì wọn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní. Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀, inú E. coli ló wà bí a bá tẹ̀ lé DNA. Orúkọ rẹ̀ dúró nítorí àwọn dókítà: bí wọ́n bá yí i padà, ẹnì kan lè ṣi ìwé àyẹ̀wò kà, kí aláìsàn sì jìyà rẹ̀. Ìpinnu yẹn dára lójú tiwa, bó tilẹ̀ rú òfin.

Láti 2003 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé DNA kúkúrú kan á parí ìjà: jíìnì COI, nǹkan bíi lẹ́tà 648, inú maitokọ́ńdríà, ohun kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára, tó sì ní DNA tirẹ̀. Ẹ gé ẹran ara díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí ethanol tó le tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ DNA, ẹ ka lẹ́tà rẹ̀, ẹ fi wé ti àpótí ìkówèésí. Fún ẹranko, ó wúlò púpọ̀. Ewéko kò gbà á, torí jíìnì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lára wọn. Jíìnì méjì mìíràn, rbcL àti matK, ni wọ́n yàn fún wọn lọ́dún 2009. Ibi tí COI ti ń parọ́ ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni maitokọ́ńdríà ti ń wá, nítorí náà ìtàn ìyá nìkan ló ń sọ. Ní àwọn erékùṣù Admiralty, Baranof àti Chichagof ní Alaska, maitokọ́ńdríà béárì aláwọ̀ ilẹ̀ sún mọ́ ti béárì funfun ilẹ̀ yìnyín ju ti àwọn béárì aláwọ̀ ilẹ̀ yòókù lọ, nítorí àwọn baba ńlá wọn ti lòpọ̀ rí. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé COI nìkan á pe béárì igbó ní béárì yìnyín. Nígbà mìíràn, ẹ̀dà jíìnì náà tó ti kú á wà nínú DNA àárín sẹ́ẹ̀lì, PCR á gbé ìyẹn dípò ojúlówó. Bí ẹ bá rí àmì ìdúró (lẹ́tà tó ń sọ pé jíìnì parí) láàárín jíìnì tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ fura. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyàtọ̀ ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó láti pe nǹkan ní ẹ̀yà tuntun. Iye bẹ́ẹ̀ tó láti mú wa padà síbi tí a ti mú ẹranko náà, kò tó láti sọ ọ́ lórúkọ.

Onímọ̀ ẹ̀dá Kevin de Queiroz ló là á já lọ́nà tó tẹ́ wa lọ́rùn jù, ní 1998 àti 2007. Ó ní ẹ̀yà ni ìran kan tó ń dá rìn lọ nínú àkókò. Àìlèbímọ pọ̀, ìrísí, ibùgbé, DNA, àmì ìyapa ni gbogbo wọn, kì í ṣe ìyapa fúnra rẹ̀. Wọn kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í tẹ̀ lé ètò kan. Lára ẹ̀fọn M àti S, ìwà yapa ṣáájú ọmọ bíbí. Lára koríko etí òkun, krómósómù yapa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dé ní àárín ìrìn náà á rí àmì kan, kò ní rí èkejì.

Ìran tó ti ń yapa sì lè yí padà. Nínú Adágún Victoria, àwọ̀ ni abo ẹja síkílídì fi ń yan akọ. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé níbi tí omi ti dọ̀tí, tí ìmọ́lẹ̀ kò ríbi wọlé, àwọ̀ ẹja ń ṣá, ẹ̀yà wọn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹja wọ̀nyẹn lè bímọ pọ̀ láti ọjọ́ yìí; àwọ̀ ló dúró gẹ́gẹ́ bí odi, ẹrẹ̀ sì ń wó o.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni, kó béèrè lọ́wọ́ erin. Erin ọ̀dàn àti erin igbó Áfíríkà wà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ti IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ìṣẹ̀dá, ipò wọn kò sì burú jù. Lọ́dún 2021, wọ́n yà wọ́n: erin ọ̀dàn bọ́ sínú ewu, erin igbó bọ́ sínú ewu tó ga jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá nínú ìgbẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iye erin ọ̀dàn ti ń bo ìdinkù erin igbó mọ́lẹ̀. Ìyapa pẹ̀lú lè ṣàṣejù. Wọ́n ya tuatara, ẹ̀dá New Zealand tó jọ aláǹgbá, sí méjì lọ́dún 1990, DNA tún mú wọn padà sí ọ̀kan lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún.

Fún ẹ̀yin tó máa kọ ìwé ẹ̀yà tuntun lọ́jọ́ kan, ẹ kọ àmì tí ẹ lò sílẹ̀, ẹ má kàn kọ “ẹ̀yà tuntun”. Ẹ sọ bóyá ẹ rí ọ̀wọ́ méjèèjì níbì kan náà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti lágbára jù. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ kó àpẹẹrẹ láti àárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè fi orúkọ méjì pe òpin méjèèjì nǹkan kan tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ lo ju jíìnì kan lọ. Ẹ yan holotype, ìyẹn òkú ẹ̀dá kan ṣoṣo tí orúkọ so mọ́, kí ẹ sì fi í sí mùsíọ́mù. Bí wọ́n bá tún ya ẹ̀yà yẹn lọ́la, ibi tí holotype bá bọ́ sí ni orúkọ àtijọ́ ń lọ, ìhà kejì ló máa wá orúkọ tuntun. Tó bá jẹ́ kòkòrò ni, ẹsẹ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ lọ̀ fún DNA. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìyókù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé tó sọ ibi tí ẹ ti mú un, ọjọ́ tí ẹ mú un, àti nọ́ńbà tó so mọ́ ẹsẹ̀ tí ẹ gé.